Iṣẹ́ Àjẹsára Ọmọdé ní Ibùdó Ìlera Kan ní Adó-Èkìtì

Láàárín àwọn ibùdó ìlera alábọ́dé tí ìjọba ń bójú tó ní Adó-Èkìtì, ọ̀kan wà tí èmi àti ìyàwó mi máa ń gbé ọmọ wa lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ìgbà tí a ti bí i, iṣẹ́ wọn ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé, kí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tó gún ọmọ kankan, wọ́n á kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn òbí ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń lọ ṣe nínú ara. Bí wọ́n bá gún ọmọ láìsọ nǹkan kan ju ọjọ́ tí ẹ óò padà wá lọ, tí ara ọmọ wá gbóná lóru, ẹ̀rù á ba ìyá, ó sì lè máà fẹ́ gbé ọmọ náà padà mọ́.

Àárọ̀ ni ẹ̀kọ́ náà máa ń wáyé, lẹ́yìn tí àwọn ìyá bá ti kọrin tán. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ wọn mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó sì máa ń yí i sí ẹ̀ka èdè Èkìtì bí ó bá rí àwọn ìyá àgbà láàárín wọn. Ó ṣàlàyé pé awọ ara, ikun imú àti omi kíkan inú ikùn ló ń kọ́kọ́ dá kòkòrò àrùn dúró. Èyí tó bá ráyè wọlé á bá àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pàdé, tí mùdùnmúdùn inú egungun ń pèsè. Àwọn kan lára wọn máa ń gbé kòkòrò yòówù tí wọ́n bá rí mì lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn kì í yára, ṣùgbọ́n kòkòrò kan pàtó ni oríṣi kọ̀ọ̀kan wọn ń dojú kọ: apá kan ń ṣe èròjà tí à ń pè ní àńtíbọ́dì, tó máa ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà kí ó má lè ṣọṣẹ́, apá kejì sì ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ara tí kòkòrò ti wọ̀, kí ó má baà rí ibi bí sí i. Nígbà àkọ́kọ́ tí ara bá pàdé àrùn kan, iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ó sì tó parí, èéyi lè ti pa ọmọ, rọpárọsẹ̀ sì lè ti sọ ọ́ di arọ. Bí ara bá ṣẹ́gun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń ṣẹ́kù tí wọn kì í gbàgbé àrùn náà, tí wọ́n á sì tètè dìde sí i bí ó bá tún padà wá. Ìrántí yìí ni àjẹsára ń fún ọmọ láìjẹ́ pé àrùn kọ́kọ́ ṣe é, bí ìgbà tí a fi àwòrán olè han ọdẹ àdúgbò kí olè tó dé.

Ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá béèrè lójú mi pé: “Ọmọ yìí ò ṣàìsàn, ó ń mu ọmú dáadáa, kí lẹ tún fẹ́ gún un sí?” Nọ́ọ̀sì náà kò kanra. “Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, Màmá,” ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá ti fún ọmọ ní àńtíbọ́dì láti inú oyún, àti pé omi ọmú àkọ́kọ́ tó máa ń pọ́n díẹ̀, èyí tí àwọn kan ṣì ń fún dànù, kún fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ gbà nínú oyún kì í pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń dúró di oṣù 9 kí a tó gún abẹ́rẹ́ èéyi, nítorí bí a bá gún un ṣáájú, ohun tí ìyá fún ọmọ lè pa kòkòrò èéyi tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára sínú abẹ́rẹ́ náà kí ara ọmọ tó kọ́ nǹkan kan. Nínú ọmọ 100 tí wọ́n gún ní oṣù 9, bí 85 ló ń rí ààbò, nítorí náà ni abẹ́rẹ́ èéyi kejì, tí wọ́n ń gún ní oṣù 15, kì í ṣe àfikún lásán. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́ èyí tó sọ tẹ̀ lé e: èéyi máa ń pa púpọ̀ rẹ́ nínú ìrántí tí ara ti ní nípa àwọn àrùn mìíràn, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lè kú ikú òtútù àyà tàbí ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn náà.

Wọ́n tún kìlọ̀ pé egbò kékeré tí abẹ́rẹ́ ikọ́ fée máa ń dá sí apá òsì kò fẹ́ àgbo tàbí ìpara, àti pé ara gbígbóná fún ọjọ́ kan sí méjì fi hàn pé ara ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tètè gbé ọmọ wá, torí ó lè jẹ́ ibà.

Ìtọ́jú oògùn wọn tẹ́ mi lọ́rùn. Inú kúlà tó ní yìnyín ni wọ́n ń kó àwọn ìgò náà sí, nítorí ìwọ̀n Celsius 2 sí 8 ló yẹ kí wọ́n wà. Nọ́ọ̀sì fi àmì tó wà lára ìgò hàn mí: bí igun mẹ́rin àárín bá ti dúdú tó àyíká róbótó tó yí i ká, ooru ti ba oògùn náà jẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wọn kù sí ni ọ̀rọ̀ ìgò tí wọn kì í ṣí. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan lè tó ọmọ 10, ti ikọ́ fée sì lè tó 20, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 6 kí wọ́n tó da ìyókù nù. Nítorí náà, bí ọmọ kò bá pọ̀, wọ́n á ní kí ìyá padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Mo lóye ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó ti oko wá, tó sanwó ọ̀kadà, kò yẹ kó dé ibẹ̀ kó tó gbọ́. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri àti sínú kádì, kí wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù àwọn ìyá kí wọ́n lè pè wọ́n. Bẹ́ńṣì kò tó, ooru sì ń mú.

Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa fún abẹ́rẹ́ kankan. Ẹ tètè dé, kí ẹ lè gbọ́ ẹ̀kọ́ àárọ̀ yẹn, ẹ má sì gbàgbé kádì ọmọ. Ẹni tí ọjọ́ ọmọ rẹ̀ ti kọjá kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìtìjú jókòó sílé, nítorí wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ bá dé ni wọn yóò ti máa bá a lọ.