Géèmù PS2 tó dùn jù láti jọ ta: ohun tí a rí nílé wa l'Abẹ́òkúta

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé géèmù wo ló dùn jù láti jọ ta lórí PS2 (PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù tí ilé iṣẹ́ Sony ṣe), èmi náà á bi í ní ìbéèrè kan kí n tó dáhùn: ta lẹ fẹ́ jọ ta á? Géèmù tí ọ̀rẹ́ méjì tó mọwọ́ ara wọn lè tìtorí rẹ̀ má sùn mọ́jú lè jẹ́ ìyà lásán fún ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di páàdì, ohun tí wọ́n fi ń darí géèmù, mú. Nílé wa l'Àdàtán, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò ìyàwó mi àti èmi la jọ ń lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, ọ̀gá wà níbẹ̀, ẹni tí ò mọ nǹkan kan náà wà níbẹ̀. Ojú ẹni tó kéré jù nínú wa ni mo fi wo gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Géèmù tó bá lé e dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n, bó ti wù kó lókìkí tó, máàkì tí màá fún un ò ní pọ̀.

PS2 kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ọdún 2000 ni Sony gbé e jáde, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n ti tà ju mílíọ̀nù 150 lọ káàkiri ayé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Abẹ́òkúta, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Sẹ́ńtà géèmù ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan páàdì, ní Kútọ̀, ní Láfẹ́nwá, ní Pánṣẹ́kẹ́: owó máàṣì kan lọ́wọ́, bẹ́ǹṣì gbọọrọ lábẹ́ ìdí, àwọn tó ń dúró sì ti tò sẹ́yìn ẹni. Ẹni tó bá nà ló ń jókòó, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde. Òfin yẹn dáa fún onísẹ́ńtà tó fẹ́ pawó. Kò dáa fún ilé. Ọmọ tí wọ́n bá ń lé dìde lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ sọ pé géèmù ò wu òun mọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀ o. Wọn ò jẹ́ kó ta á tó ni.

Bọ́ọ̀lù ni gbogbo èèyàn ń béèrè, torí náà ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi. Nínú ti bọ́ọ̀lù, Pro Evolution Soccer 6 (PES 6) tí ilé iṣẹ́ Konami ṣe lọ́dún 2006 ló wà lókè pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní FIFA, géèmù bọ́ọ̀lù kejì tó ń bá a du ipò. Òótọ́ ni, orúkọ ẹgbẹ́ pé nínú FIFA, kò pé nínú PES 6: Merseyside Red ni wọ́n pe Liverpool, London FC ni wọ́n pe Chelsea. Ṣùgbọ́n ẹ di páàdì mú kẹ́ ẹ gbá a. Bọ́ọ̀lù ò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù líle sí ẹni tí ọkùnrin kan ti rọ̀ mọ́ lẹ́yìn, á ta kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bọ́wọ́ yín bá pẹ́ díẹ̀ jù lórí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yìn ín, ó di orí ilé. Ọfà aláwọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bó bá pupa tó sì kọjú sókè, ara onítọ̀hún yá gágá. Àbúrò ìyàwó mi ò mọ ẹgbẹ́ mìíràn ju Inter lọ, nítorí Adriano, agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn. Tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin yẹn báyìí, kódà bó ṣì jìnnà sílé, gbogbo yàrá á ti pariwo kó tó yìn ín.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ò kà sí ni pé kò pọn dandan kẹ́ ẹ dojú kọ ara yín. Kí máàṣì tó bẹ̀rẹ̀, àwòrán páàdì máa ń hàn láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá sún páàdì méjèèjì sí apá kan náà, ẹ ti di ẹgbẹ́ kan, kọ̀ǹpútà lẹ jọ ń bá gbá. Bí èmi àti ọmọdé bá wà lápá kan, èmi ni mo máa ń gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé, màá wá yí i sí i lẹ́sẹ̀ kó jẹ́ òun ni yóò jẹ góòlù. Kó tó mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń sáré, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jó níwájú èrò. Síbẹ̀, tí mo bá máa sọ òótọ́, PES dùn jù láàárín àwọn tí agbára wọn dọ́gba. Tí ọ̀kan bá fi púpọ̀ ju èkejì lọ, góòlù márùn-ún, mẹ́fà ni, ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí àwọn síìdì tí wọ́n kọ ọdún yìí sí lára tí wọ́n ń tà káàkiri o. PES 2014 àti FIFA 14, tí àwọn méjèèjì jáde lọ́dún 2013, ló kẹ́yìn bọ́ọ̀lù tí ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n ṣe fún PS2. Ohun tó bá ti kọjá ìyẹn, PES àtijọ́ ni àwọn kan pààrọ̀ jẹ́sì àti orúkọ inú rẹ̀. Kò burú, àwọn ọmọ fẹ́ràn láti rí Osimhen níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gba owó géèmù tuntun lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

Nínú ìjà, Tekken 5 ti ọdún 2005 ni tiwa. Bọ́tìnì mẹ́rin, ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì: bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ló ní apá ara tirẹ̀, ìdí nìyí tó fi máa ń tètè yé ọmọdé. Christie, ọmọbìnrin Brazil tó ń ja capoeira, ìjà àwọn ará Brazil tó dà bí ijó, ni olùgbèjà àwọn tí ò mọ̀ ọ́n jà. Kí wọ́n ṣáà máa tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ méjèèjì léra wọn, á máa yí bírí, á máa fẹsẹ̀ gbá àgbà ọkùnrin ṣubú. Tekken 1, 2 àti 3 ti inú sẹ́ńtà ayé àtijọ́ tún wà nínú síìdì kan náà. Tekken Tag Tournament tó ṣáájú rẹ̀ ní ohun mìíràn tó wù mí: ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù ńlá lu àwọn igi tí wọ́n tò nílẹ̀. Màmá mi tí kì í fẹ́ rí ìjà sójú máa ń bá wa ta ìyẹn, wọ́n sì máa ń gba ipò tiwọn kíkankíkan.

Mortal Kombat: Shaolin Monks, ọdún 2005 kan náà, yàtọ̀ pátápátá. Liu Kang àti Kung Lao ni ẹ̀yin méjèèjì, apá kan náà lẹ wà, ẹ jọ ń ja lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ kọjá ohun tí ọmọdé yẹ kó máa wò, èmi kì í sì fi í síbẹ̀ tí àwọn kékeré ò bá tíì sùn.

Èyí tí mo fún ní ipò kìíní, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má tíì rí i ní sẹ́ńtà kankan: LEGO Batman, ti ọdún 2008. Èèyàn méjì ni, Batman àti Robin. Ẹni kejì ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni, á kàn tẹ bọ́tìnì Start lórí páàdì tirẹ̀, ó ti wọlé. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é kó wá jẹ láfún, á jáde, kọ̀ǹpútà á máa bá a tọ́jú èèyàn rẹ̀ títí yóò fi dé. Ọkàn mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Bó bá tán, onítọ̀hún á fọ́ sí wẹ́wẹ́, díẹ̀ nínú owó ẹyọ tó ti kó jọ á dà nù, á sì tún dìde níbẹ̀. Kò sí pé wọ́n na ẹnikẹ́ni, kò sí pé kí ẹnikẹ́ni gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ìfaraṣàpèjúwe ni wọ́n fi ń pa ìtàn náà, torí náà ọmọ tí ò tíì gbọ́ òyìnbó ń bá a lọ, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó rín.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ aṣọ. Robin ní aṣọ onímágínẹ́ẹ̀tì tó fi ń rìn lórí ògiri irin, Batman ò ní in. Batman ní aṣọ tó fi ń gbé bọ́ǹbù kalẹ̀, Robin ò ní in. Ibi púpọ̀ ló wà tí àgbà ò ti lè dá nǹkan kan ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ aṣọ yẹn, ó rọra ń fi Robin gun ògiri, ó yọ ahọ́n síta, kò wo ẹ̀gbẹ́ rárá. Èmi wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn tì mọ́ mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró síbẹ̀ o, mò ń bọ̀ wá ṣí i fún yín." Mo dúró. Ó dé òkè, ó fa irin, ilẹ̀kùn ṣí. Títí dòní, òun ló ń bi mí bóyá mo ti ṣe tán kó tó tẹ Start.

Àléébù rẹ̀ wà o. Ojú kan ṣoṣo ni ẹ jọ ń lò, wọn ò pín tẹlifíṣọ̀n sí méjì, torí náà bí ọ̀kan bá fẹ́ lọ sí ọ̀tún, tí èkejì fẹ́ lọ sí òsì, ńṣe lẹ ó máa fa ara yín bí ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ okùn kan. Ó sì ti fa ìjà gidi láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nílé wa.

Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Burnout 3: Takedown, 2004: ẹ wá apá tí wọ́n ti ń fi mọ́tò kọlu oríta, kẹ́ ẹ máa gbé páàdì kan ṣoṣo yípo, ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ jù ló gbégbá orókè, ìyẹn sì ń gba gbogbo ilé. WWE SmackDown! Here Comes the Pain, 2003, géèmù ìjàkadì, àwọn ọmọkùnrin ò lè fi sílẹ̀. Def Jam: Fight for NY, 2004, géèmù ìjà, ti àwọn àgbà ni.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ PS2 tí wọ́n ń tà báyìí, fíláàṣì ni wọ́n kó géèmù sí. Ó rọrùn, lẹ́ńsì tó ń ka síìdì ò ní í jẹ yín níyà. Ṣùgbọ́n USB 1.1, irú ihò fíláàṣì àtijọ́, ni ti PS2, kò yára, nítorí náà àwòrán ìtàn máa ń dúró, á tún rìn, ohùn á máa já. Bọ́ọ̀lù ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, LEGO Batman mọ̀ ọ́n. Ẹ wá síìdì rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì, káàdì tí géèmù ń tọ́jú ibi tẹ́ ẹ bá a dé sí, náà ń kọ́? Ẹni tó ta ẹ̀rọ wa fi mẹ́mọ́rì aláìlórúkọ kan ta wá, ó ní àyè rẹ̀ ju ti Sony tó jẹ́ 8MB lọ dáadáa. Iná lọ lọ́jọ́ kan, ohun tí àwọn ọmọ ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pòórá. Ojúlówó 8MB la ń lò báyìí, a ò sì rí irú rẹ̀ mọ́. Páàdì náà, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó, ní pàtàkì páàdì kejì, torí òun ni wọ́n sábà máa ń fi ayédèrú rẹ̀ síbẹ̀.

Ihò páàdì méjì péré ló wà lójú ẹ̀rọ, multitap, ohun tí wọ́n ń kì bọ ihò kan, nìkan ló lè sọ ihò kan di mẹ́rin, ti PS2 tó tóbi ò sì bá PS2 tó tẹ́ẹ́rẹ́ mu. Ẹ̀rọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni tiwa. Mo ti wá a títí ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Kútọ̀, mi ò rí i. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rà á ní Abẹ́òkúta, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi.