Awò USB tí wọ́n kọ 1000X sí lára: ibi tó wúlò dé fún eṣinṣin funfun

Awò yìí, tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú fóònù, làwọn tó ń tún fóònù ṣe l'Ádó-Èkìtì fi ń wo bọ́ọ̀dù. Ní tiwa, eṣinṣin funfun, kòkòrò kékeré tó ń fa omi ewé, la fi wò lára ewé ẹ̀gẹ́ àti ti gúáfà. Ẹ má ka 1000X tó wà lára páálí rẹ̀ sí. Ńṣe ni wọ́n ka bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó mọ́ ọn. Agbára rẹ̀ gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po 200 lọ.

Síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ewé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ já, torí ewé tútù òkè làwọn tó níyẹ̀ẹ́ ń yé ẹyin sí, ìsàlẹ̀ ni ọmọ tó ti dàgbà máa ń wà. Ọmọ ìpele kẹrin (èyí tó kẹ́yìn kó tó hu ìyẹ́) tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé bí ìpẹ́ ẹja, tí kò gùn tó mìlímítà kan, lara rẹ̀ la fi ń mọ ẹ̀yà. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ewé náà mọ́ páálí kó má baà ká, kí ẹ sì gbé rúlà tì í. Ẹ dín iná awò kù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, dídán ìda ara kòkòrò á bo gbogbo rẹ̀ lójú. Irin tó gbé e dúró burú jáì: bí ẹ bá fọwọ́ kan tábìlì lásán, àwòrán á máa gbọ̀n.

Ibi tí awò yìí ti tó owó tí a fi rà á ni èèpo òfìfo tí ọmọ ìpele kẹrin fi sílẹ̀. Bó bá là bíi lẹ́tà T, eṣinṣin ló gba ibẹ̀ jáde. Bí ihò náà bá rí róbótó, agbọ́n kékeré tó jẹ ẹ́ nínú ló lu ú. Ẹ rọra pẹ̀lú oògùn fífín nígbà náà, torí agbọ́n náà ń bá yín pa wọ́n. Ìda tó lọ́ yípo lábẹ́ ewé gúáfà náà hàn kedere: irú eṣinṣin funfun tí wọ́n ń pè ní Aleurodicus dispersus nìyẹn, tó wọ Nàìjíríà ní 1992.

Àmọ́ awò yìí kò tó láti fi sọ pé irú tuntun lẹ rí. Bemisia tabaci, eṣinṣin funfun tó ń kó àrùn mòsáíìkì ran ẹ̀gẹ́ máa ń hu irun gígùn lẹ́yìn lórí ewé onírun, lórí ewé dídán kò ní nǹkan kan, ẹ̀yà kan náà sì ni. Kí ẹ tó pariwo, ẹ gbé èèpo sínú potassium hydroxide (kẹ́míkà tó ń yọ́ ohun inú rẹ̀ kúrò) ìdá 10 nínú 100, kí ẹ gbé e lé omi gbígbóná títí yóò fi mọ́ gaara (bó bá hó, á fàya). Ẹ ṣàn án, ẹ fi acid fuchsin (aró pupa) kùn ún, ẹ fi ọtí ẹtánọ́ọ̀lù fa omi ara rẹ̀, kí ẹ wá fi Canada balsam (oje igi tó mọ́ gaara) lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Ihò ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí àti ahọ́n inú rẹ̀, maikirosíkóòpù ìlọ́po 400 ló ń fi í hàn dáadáa. Láàárín oríṣiríṣi Bemisia tabaci fúnra wọn, ìyẹn gan-an kò tó; DNA ló ń yà wọ́n.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ so ó mọ́ fóònù yín nínú ṣọ́ọ̀bù. Fóònù mìíràn kì í gbà á.