Àtẹ ìwé àlòkù tí mo ti rí Hountondji

Ẹ̀gbẹ́ ọjà Wàǹdó, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ni àtẹ náà wà. Ìwé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ni mo wá rà fún ọmọ mi. Bàbá tó ń tàwé ní, "Ìyá mi, ta lẹ fẹ́ràn jù nínú wọn?" Mo ní Socrates. Ó fa ìwé Paulin Hountondji, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Benin, yọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà á, Faransé rẹ̀ le. Àmọ́ òun ni ààyò mi báyìí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ "àwọn baba wa gbà pé", bí ẹni pé orí kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń lò. Hountondji ní rárá: kí ẹni tó bá ronú sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè bá a jiyàn. Kò sì fojú tín-ín-rín ìmọ̀ ìbílẹ̀ o. Ó ní ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó dùn mí pé ó ti kú ní 2024, kí n tó mọ̀ ọ́n.

2,500 sẹ́fà ni mo san. Ẹ̀yìn ìwé ti ya, ṣùgbọ́n ojú ewé rẹ̀ pé. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kò síbòji níbẹ̀.