Ìbọn ẹlẹ́nu méjì mi ní pápá Abuja: ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, àti ibi tí kò tó

Àwọn ọ̀rẹ́ ti ń bi mí léraléra pé irú ìbọn wo ni mò ń gbé lọ sígbó níhà Abaji àti Kwali, àti pé ṣé lóòótọ́ ló ń pa ìgalà láti òkèèrè. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń lò ó. Ó tó àsìkò kí n sọ ohun tí ojú mi rí, èyí tó dùn mọ́ mi àti èyí tó dùn mí.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ìdànrè ni bàbá mi ti ṣọdẹ, nínú igbó kìjikìji tí èèyàn kò ti lè rí ẹran ní ogún ìgbésẹ̀ síwájú. Ṣakabùlà tó wọn lọ́hùn-ún. Ẹran á ṣàdédé yọ sí ọ bí ẹni yọ láti kọ̀rọ̀ ilé, o ti yìn ín kó tó mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi wá sí Abuja, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọdẹ Gbàgyí rìn, mo rí i pé ilẹ̀ ibí yàtọ̀. Pápá ni. Bí ọyẹ́ bá dé, tí wọ́n ti dáná sun koríko, ojú á máa ríran dé ibi tí ọwọ́ kò lè dé. Ìgalà á dúró létí odò tó ti gbẹ, wàá rí i kedere, òun náà á sì rí ọ. Kò sí igi tí o máa fi bora sún mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ ọdẹ ibí lọ́kàn ni bóun ṣe máa pa á láti ibi tóun dúró sí yẹn.

Àbúrò mi tó wà ní Texas ti rí ọ̀nà tirẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ló fi ń pa àgbọ̀nrín, kì í ṣe irú èyí tí ọlọ́pàá ń fi sí ìbàdí o. Contender ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Thompson/Center ló gbé e jáde ní 1967. Ọta ẹyọ kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá tirẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35, ó sì ṣeé yọ kúrò kí èèyàn fi òmíràn tó ń gba ọta ràífù sí i. Ó de awò mọ́ ọn lórí, irú awò tí wọ́n ṣe kí ojú lè jìnnà sí i tó gígùn apá, nítorí pé ìbọn náà kò ní ìdí tí à ń gbé lé èjìká. Orí àpò tó kún fún iyanrìn ló ń gbé e lé kó tó yìn ín. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mi ò sì ní purọ́, ojú mi wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ohun tí aráàlú ń gbé lọ ṣọdẹ níbí. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Gbogbo ìbọn ìléwọ́ ló wà nínú ọ̀wọ́ kìíní tí a kà léèwọ̀, níbi tí ìbọn arọ̀jò-ọta náà wà, àyàfi ẹni tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí ìwé fún. Irú tèmi, tí a ń fọwọ́ ki ọta sí, tí kì í ki ara rẹ̀, wà ní ọ̀wọ́ kejì, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá la sì fi ń gbé e. Ṣakabùlà ló wà ní ìkẹta. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbọn tí kò níwèé tàn yín. Ní àsìkò tí àwọn ajínigbé gba igbó kan yìí, ọdẹ tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́ ti fi ara rẹ̀ sínú ewu méjì.

Ará Rọ́ṣíà ni ìbọn mi. Ọ̀pá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gígùn wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 72, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́ta àbọ̀. Ìwọ̀n 12 ni. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí a bá fi òjé páùn kan rọ ọta 12 tó dọ́gba, ẹyọ kan nínú wọn á bá ihò ọ̀pá náà mu gẹ́ẹ́. Tírígà méjì ló ní: ti iwájú ń yin ọ̀pá ọ̀tún, ti ẹ̀yìn ń yin ti òsì. Ẹnu méjèèjì ò sì rí bákan náà. Ti òsì fún ju ti ọ̀tún lọ, fífún yẹn làwọn oníbọn ń pè ní ṣóòkù. Ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá yìn ín, ṣóòkù ló ń kó wọn pọ̀. Ẹ fi rọ́bà tí a fi ń bu omi rin ewébẹ̀ wò ó: bí o bá fìka dí ẹnu rẹ̀, omi á lọ jìnnà kó tó fọ́nká. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni pé, ní nǹkan bíi mítà 37, ẹnu tó fún gan-an gbọ́dọ̀ kó ọta 70 nínú 100 sínú òbìrí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76. Èyí tó fún níwọ̀nba á kó 60, èyí tí kò fún rárá á kó 40.

Ẹni tó tà á fún mi kò sọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ó kàn ní ti òsì á pa ẹran ní mítà 60. Mo gbà á gbọ́, ìgbàgbọ́ yẹn ló sì kó mi sí wàhálà.

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì tí mo rà á ni. Akọ ìgalà kan dúró lábẹ́ igi irúgbá, ó tó kílò 40 dáadáa. Mo fojú wọ̀n ọ́n sí ọgbọ̀n ìgbésẹ̀, mo yin ti òsì. Ó fò sókè, ó wólẹ̀, ó tún dìde, ó lọ. Nígbà tí mo ka ìgbésẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí dé ibi ẹ̀jẹ̀, 52 ni. Ilẹ̀ tí iná ti jó ń tan ojú jẹ gan-an. Bí kò bá sí igbó tàbí koríko láàárín, ohun tó jìnnà á dà bí ẹni pé ó wà nítòsí. A tọ ẹ̀jẹ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀, a ò rí i. Ọjọ́ kẹta ni òórùn júwe ibi tó kú sí. Sarkin Baka, olórí ọdẹ tí à ń tẹ̀ lé, kò bá mi wí. Ó kàn wò mí, ó fi orúkọ tí Hausa ń pe ọmọ Yorùbá pè mí, ó ní, "Bayarabe, ẹran yìí jìyà." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe àbúrò mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti yin ìbọn yẹn sí páálí rí?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn." Ó wá ṣàlàyé pé àwo ìjẹun lòun fi ń wọn ara òun. Ibi tí gbogbo ọta òun bá ti ń wọ inú àwo náà ni ààlà òun, ibi tí ẹyọ kan bá ti bọ́ síta, òun kì í yìnbọn níbẹ̀. Ìbọn tirẹ̀ lè rán ọta kọjá mítà 200, síbẹ̀ 90 ló fi mọ. Ìdí ni pé ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ẹran wà kò tóbi ju àwo yẹn lọ, ibẹ̀ ló sì ń pa á kíákíá.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Mai Angwa, olórí àdúgbò, mo sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí, mo sì lo kòtò kan tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ti kó yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ rí, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ilé lọ. Mo ra páálí fìríìjì ní Gwagwalada, mo fi ẹ̀dú ya òbìrí ńlá sí i, mo ya àwo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín rẹ̀. Okùn ìwọ̀n ni mo fi wọn mítà 20, 30 àti 40, mi ò fojú wọ̀n ọ́n mọ́. Irú kátíríìjì méjì, ìyẹn ohun tí wọ́n di ọta àti ẹ̀tù sínú rẹ̀, ni mo lò: BB, tí ọta inú rẹ̀ lé ní 60, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó mìlímítà 4.6, àti ọlọ́ta mẹ́sàn-án, tí tirẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 8.4. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yin ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 36. Sátidé méjì ló gbà mí nítorí èjìká. Àwọn kan ní mò ń fi owó ṣòfò lára páálí. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ò ro ti owó.

Ọlọ́ta mẹ́sàn-án ló yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo ìgbà ni mo ti ń fi sí òsì, mo rò pé ẹnu tó fún ló máa gbé e dé ọ̀nà jíjìn. Òdìkejì ni. Ọta ńlá máa ń fún ara wọn pọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹnu tóóró jáde, wọ́n á ta ara wọn nù. Ní mítà 20, ti ọ̀tún fi mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́fà sínú àwo, ti òsì fi márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́fà. Ní 30, ti ọ̀tún já sí mẹ́ta, mẹ́rin, méjì, ti òsì sì jẹ́ méjì, mẹ́ta, ẹyọ kan. Ní 40, páálí kan wà tí ọta kankan ò wọ inú àwo rẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta níbẹ̀, mo ń wo páálí yẹn, ìgalà abẹ́ igi irúgbá ni mò ń rí. Ìgbésẹ̀ 52! Kí ni mo rò pé mò ń ṣe? Lẹ́yìn náà mo tún fi mẹ́ta dán ti ọ̀tún wò ní mítà 25: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́rin. Níbẹ̀ ni mo pàgọ́ sí.

Ti BB kò gba ariwo púpọ̀. Láti òsì, nǹkan bíi 12 ló ń wọ àwo ní mítà 30, mẹ́fà sí méje ní 40. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí iye ọta tàn yín. Mo to ìwé ìròyìn tí mo rẹ sómi sẹ́yìn páálí, ọta BB kò dé ìdajì ibi tí ọta ńlá dé. Fún ẹtu, tí kò nípọn lára, ó tó. Fún ìgalà, ọgbẹ́ lásán ló máa dá sí i lára.

Níbi yìí ni ìwúlò ìbọn náà gan-an wà, ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni kí n tó rà á. Nítorí pé tírígà rẹ̀ jẹ́ méjì, mo lè ki ọlọ́ta mẹ́sàn-án sí ọ̀tún, kí n ki BB sí òsì, kí n sì yan èyí tí mo fẹ́ nígbà tí ẹran bá yọ, láìṣí ìbọn. Kò sí ìbọn ẹlẹ́nu kan tó lè ṣe èyí. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀. Bí o bá ti ṣí i, ohun tó ń dè é á pa dà sípò fúnra rẹ̀, kò ní yìn àfi bí o bá tì í síwájú.

Àléébù rẹ̀ wà. Tírígà iwájú le jù, ó ń fa ìbọn sápá kan bí èèyàn kò bá fara balẹ̀. Rọ́bà ìdí rẹ̀ le bí pákó, Sátidé kìíní yẹn ni èjìká mi wú. Òjò ò bá a lára mu rárá. Alẹ́ kan péré láìnù ún, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má fi òróró kùn ún púpọ̀, eruku á dà pọ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ, á sì máa lọ́ra. Bí ẹ bá sì gbé orí sókè díẹ̀ kúrò lára igi ìdí rẹ̀, ọta á gba òkè ẹran kọjá, torí pé ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan lẹ fi ń fojú sùn ún.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá. Tèmi jẹ́ 12/70. Ìyẹn ni pé kátíríìjì oní-mìlímítà 70 ló wà fún. Ti 76 lè wọlé láìfi ara pa, kó sì ya ọ̀pá mọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tó bá yìn, torí pé ẹnu kátíríìjì náà kò ní rí àyè là tán. Mo ti rí ẹni tó ń tà á fún àwọn ọdẹ láìbéèrè. Kó béèrè bí ẹnu kọ̀ọ̀kan ṣe fún tó pẹ̀lú, bí olùtajà ò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo ti fi bébà lẹ̀ mọ́ ìdí ìbọn mi: "Ẹtu, BB, òsì, 35. Ìgalà, mẹ́sàn-án, ọ̀tún, 25." Kí ọwọ́ wa tó balẹ̀ síbi kan, a máa ń wọn ọ̀gán tàbí igi kan tó wà níwájú, kí a lè mọ ibi tí 25 parí sí. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ẹtu méjì àti ìgalà kan ni mo pa, kò sí èyí tó rìn kọjá ogún ìgbésẹ̀ kó tó wólẹ̀. Sarkin Baka kì í kàwé, àmọ́ kí a tó wọgbó, ó máa ń ní kí n ka bébà yẹn sí òun létí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló béèrè pé ṣé páálí ṣì kù. Ṣakabùlà tirẹ̀ ló fẹ́ gbé wá sí kòtò náà, a ti fi í sí Sátidé kìíní lẹ́yìn tí wọ́n bá kó àgbàdo tán.