Stellarium: ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àtimáa wo ojú ọ̀run lálẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá Stellarium, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ìràwọ̀ ojú ọ̀run hàn yín. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà, ìràwọ̀ tó lé ní 600,000 ló wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti fi ìlú yín sí i báyìí, ojú ọ̀run ibi tẹ́ ẹ wà gan-an ló máa gbé jáde. Èyí tó wù mí jù ni pé ẹ lè yí aago ẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, mo fi wo ibi tí Àgùàlà máa wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyẹn èyí táwọn àgbà ń pè lájá òṣùpá, nígbà tí mo jáde síta ibẹ̀ náà ló wà! Mo sáré pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó. Ó tún ní ibì kan tẹ́ ẹ máa tẹ̀ tí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n, kí iná ẹ̀ má bàa ba ojú yín jẹ́ nínú òkùnkùn.

Tẹ́ ò bá fẹ́ dáńlóòdù, stellarium-web.org wà. Ẹ fi Spot the Station ti NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, kún un, òun ló ń sọ ìgbà tí International Space Station, ìyẹn ilé àwọn tó ń gbé lójú òfuurufú, máa gba orí yín kọjá.