C-SPAN rèé o, ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ràn wàhálà ilé aṣòfin Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń bi mí pé níbo ni mo ti ń wo àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tọ̀sán tòru, C-SPAN ni, ìkànnì tẹlifíṣàn tó ń fi ìjókòó ilé aṣòfin wọn hàn. Áàpù wọn, C-SPAN Now, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí pé èèyàn mẹ́rin jókòó máa jágbe mọ́ra wọn, bí ilé aṣojú-ṣòfin bá ṣe ń jókòó ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, láti 1979 sì ni. Tí ìbò bá ń lọ lọ́wọ́, orin tí ò lọ́rọ̀ nínú ni wọ́n máa ń fi sí i, oorun lè gbé yín lọ.

Àmọ́ ìgbà tó máa ń dùn jù ni ìgbà tí ẹgbẹ́ tó ń darí ilé ò fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ. Tí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún ju ara wọn lọ, kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? January 2023, wọ́n fẹ́ yan Spíkà, ẹgbẹ́ Republican tó ń darí ilé jẹ́ 222, ẹgbẹ́ Democrat 212, ẹni márùn-ún péré nínú ẹgbẹ́ tiwọn ló máa kọ̀ tí gbogbo ẹ̀ á fi dàrú, ogún èèyàn ló wá kọ̀ o! Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dìbò kí Kevin McCarthy tó di Spíkà, láti Tuesday wọ òru Friday. Ibi tí C-SPAN ti gba máàkì lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ilé fúnra ẹ̀ ló máa ń darí kámẹ́rà inú ibẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan la sábà máa ń rí, ṣùgbọ́n torí pé kò tíì sí Spíkà, òfin yẹn ò tíì múlẹ̀, C-SPAN wá gbé kámẹ́rà tiẹ̀ wọlé. Háà! Mike Rogers, Republican tó wà lẹ́yìn McCarthy, ń bọ̀ wá bá Matt Gaetz, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀, tìbínú-tìbínú, ẹnì kan gbá a mú látẹ̀yìn, ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀ báyìí.

McCarthy wọlé, àmọ́ ó ti gbà fún wọn pé ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo lè dìde ní kí wọ́n dìbò yọ òun. Gaetz yìí kan náà ló lò ó ní October, Republican mẹ́jọ dara pọ̀ mọ́ Democrat, 216 sí 210, Spíkà lọ. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà.

Ẹ tún wá wo ti February 2024. Wọ́n fẹ́ fẹ̀sùn kan Mayorkas (impeachment), mínísítà ètò ààbò abẹ́lé wọn nígbà yẹn, Republican ti ka orí tán, ọkàn wọn ti balẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti Al Green, Democrat ará Texas, wọlé, ọ̀sibítù ló ti ń bọ̀, aṣọ ọ̀sibítù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. 215 sí 215! Ọ̀rọ̀ bà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ni Steve Scalise, Republican tó lọ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, padà dé, tí wọ́n fi ẹyọ ìbò kan borí, 214 sí 213. (Àwa tó jẹ́ pé "the ayes have it" la mọ̀, òòlù ti dún kéèyàn tó ṣẹ́jú, a ò lè mọ adùn ẹ̀.) Bíìlì owó-orí Trump ní May 2025 náà, 215 sí 214.

Ibi tó kù sí ni pé wọn kì í ṣàlàyé púpọ̀, tẹ́ẹ bá fẹ́ gbádùn ẹ̀ ẹ kọ iye ìjókòó sílẹ̀, kẹ́ẹ mọ iye ẹni tí wọ́n lè pàdánù, kẹ́ẹ sì mọ ẹni tára ẹ̀ ò yá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tó kù wà lọ́wọ́ ilé aṣòfin, C-SPAN ti kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n jẹ́ káwọn máa gbé kámẹ́rà táwọn wọlé, wọn ò gbà.