Òògùn oníwúrà: sẹ́ẹ̀lì inú àwo àbí eku?

Ẹni tó bá fẹ́ wádìí bí auranofin, òògùn làkúrègbé tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1985, ṣe ń ṣiṣẹ́, èwo ni kó mú?

Sẹ́ẹ̀lì máa ń tètè fèsì. Èèyàn á rí i kedere pé òògùn náà dí thioredoxin reductase lọ́wọ́, ìyẹn énsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá) tí òògùn náà ń dojú kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní 37°C kò gbọdọ̀ kú, owó epo jẹnẹrétọ̀ l'Abẹ́òkúta yìí sì ń dun ni.

Eku rọrùn láti bọ́. Àmọ́ bí òògùn bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń tú ká, wúrà inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀. Kí ló wá ṣiṣẹ́ gan-an? Ibí ló le jù.

Bó bá jẹ́ énsáìmù kan lò ń tọpa, tí iná yín dúró, mú sẹ́ẹ̀lì. Bó bá jẹ́ ìpalára kíndìnrín, eku ni, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ ìwádìí.